Ẹ má parí fíìmù fún wọn lórí rédíò

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọjọ́ tí ojú tì mí lórí rédíò. Àárọ̀ Sátidé ni, ètò wa lórí fíìmù ò tíì ju oṣù kan lọ n'Ìbàdàn níbí, fíìmù tuntun máa ń wọ sinimá ní Fúráìdé, mo sì ti lọ wò ó lálẹ́ àná ẹ̀, inú mi ń dùn, bí mo ṣe gbá màíìkì mú báyìí mo tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí mo fi dé ibi tí ìyàwó yẹn ti kú, mo tiẹ̀ tún sọ ẹni tó pa á. Ni ìyá kan bá pè wọlé: "Ọmọ mi, èmi àti bàbá wọn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sán yìí o, ṣé kí n wá gbowó mi lọ́wọ́ ẹ ni?" Ẹni tá a jọ ń ṣètò bú sẹ́rìn-ín, èmi ò rí nǹkan sọ, mo ní kí wọ́n bá mi fi orin sí i.

Látìgbà náà, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dojú rú ni mo máa ń bá wọn dé, mo máa fi wọ́n síbẹ̀. Àmọ́ tó ò bá ní sọ ìtàn tán, kí lo wá fẹ́ máa sọ? Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o. Ẹni tó ń gbọ́ ẹ wà nínú Micra, òmíì ń din àkàrà, kò rí àwòrán kankan, tó o bá ní "píṣọ̀ ẹ̀ mọ́ gan-an" o ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Ohun tí etí ń gbọ́ ni kó o mú: ṣé èdè ẹnu wọn bá ìlú tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀ mu, àbí ọba ayé àtijọ́ ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Lẹ́kí? Níbo lèrò inú hóòlù ti pariwo, níbo ni wọ́n ti ń tẹ fóònù?

Mo sì máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ara mi, ìdí ẹ̀ nìyí. Wọ́n pè mí síbi tí wọ́n ti ń ṣí fíìmù kan rí, wọ́n fún wa lásun àti nǹkan mímu, lọ́jọ́ kejì ẹnu mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè pé mélòó ni wọ́n fún mi. Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀. Àsun yẹn ló ń sọ̀rọ̀.

Apá kejì ètò wa ni ti eré olórin, ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Mo kọ́kọ́ rò pé ti òyìnbó nìkan ni wọ́n máa fẹ́, mo fi orin The Sound of Music sí i, èèyàn méjì péré ló pè. Ọ̀sẹ̀ tí mo mẹ́nu kan Ọba Kòso ti Dúró Ládípọ̀, fóònù ò sinmi. Ṣebí Òṣogbo ni wọ́n ti ṣe é ní 1963, wọ́n gbé e dé Berlin lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun fúnra ẹ̀ ni Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó ẹ̀ ni Ọya, orin àti bàtá látòkè délẹ̀. Tíyẹn ò bá ṣe musical, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ògúndé tiẹ̀ ti ń forin ṣeré láti 1944, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe mi níbẹ̀ ni pé mo kàn máa ń tẹ orin kó máa lọ. Orin inú eré kì í ṣe orin òde àríyá, kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń kọ ọ́, ẹni tó ń kọ ọ́ fún, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí i, kó o tó tẹ̀ ẹ́. Ìlù inú fíìmù Saworoidẹ ti Túndé Kèlání ńkọ́? Ẹni tí ò mọ̀ pé ìmùlẹ̀ wà láàárín ọba, adé àti ìlù yẹn, ariwo lásán ló máa gbọ́. Òun la fẹ́ ṣe ní Sátidé tó ń bọ̀. 1999 ló ti jáde o, síbẹ̀ mi ò ní sọ ìparí ẹ̀.