Ẹ Bá Wa Dúpẹ́: Iṣẹ́ Bọ́, Ilé Ò Dàrú

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa yin Olúwa. Àwa alákòóso ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la dìde yìí, lórúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ilé-iṣẹ́ wọn dín òṣìṣẹ́ kù ní ìlú Ìbàdàn. Ẹni tó mọnú rò ló mọpẹ́ dá. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé wọn ò tú, àwọn ọmọ wọn ṣì ń lọ sílé-ìwé. Bí Ọlọ́run ṣe la ọ̀nà náà la fẹ́ sọ, nítorí pé láti Òjòó dé Challenge, kò sí àdúgbò tí ọ̀rọ̀ yìí ò kàn.

A dúpẹ́ lórí ìwé ná. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún èèyàn ní lẹ́tà ìdádúró, wọ́n sábà máa ń fi ìwé kejì tì í, èyí tó sọ pé òṣìṣẹ́ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sì ní ohunkóhun láti béèrè mọ́. Ojora kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn kà á kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Olúwa ṣe é, àwọn èèyàn wa ò buwọ́ lù ú. Wọ́n gba lẹ́tà, wọ́n kọ déètì tí wọ́n gbà á sára ẹ̀dà tó padà sí ọ́fíìsì, wọ́n ní ó di ìgbà tí àwọn bá rí ìṣirò owó kí àwọn tó fọwọ́ kan èkejì. Kí wọ́n tó ti ímeèlì ilé-iṣẹ́ pa, wọ́n ti tẹ sílíìpù owó oṣù ọdún kan jáde, wọ́n sì ti ṣe ẹ̀dà lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga àti ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́.

Ìwé ìlànà yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Abala 20 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí agbanisíṣẹ́ sọ ìdí tó fi fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù àti bí ó ṣe máa pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, àfi tí ìmọ̀ iṣẹ́ tàbí ìṣeéfọkàntán bá fi ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ. Ó tún ní kí agbanisíṣẹ́ sa ipá rẹ̀ láti jíròrò owó tí wọ́n máa fi tú wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá iye kankan! Inú àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ìwé ìlànà ni iye wà. Ẹni tí kò ní in lọ́wọ́, ohun tí wọ́n bá kà sí i lọ́wọ́ ni yóò gbà.

Nótíìsì ní tirẹ̀ ní iye: ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tó ti lò ju oṣù 3 lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tó ti pé ọdún 2 tí kò tíì pé 5, oṣù 1 fún ọdún 5 sókè. Tí wọ́n bá ní kó máa lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n san owó àkókò náà fún un. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí dá lé. Lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ ni kí máníjà àti àwọn ọ̀gá tẹjú mọ́.

Ìdí ìṣirò ni owó ti ń jò jù. Ká ní àdéhùn sọ pé owó oṣù 1 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ sì ti lo ọdún 8. Tó bá jẹ́ basic nìkan, ìyẹn owó oṣù gangan láìsí àfikún, ká ní ₦60,000, ₦480,000 ni yóò gbà. Tó bá jẹ́ àpapọ̀, pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀, ká ní ₦110,000, ó di ₦880,000. Gbólóhùn kan péré ló fa ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ bá wa dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ tó jókòó ti gbólóhùn náà láìbínú, láìbú ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì rántí béèrè owó ìsinmi tí wọn ò tíì lò. Tí ìjíròrò bá forí ṣánpọ́n, ọ́fíìsì Mínísítírì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà ní Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkọ̀lábà, Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ náà sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Òfin ọdún 2014 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn lẹ́yìn oṣù 4, lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Ẹni tó ní ₦1,600,000 yóò lè gba ₦400,000. Ohun tó ń dá a dúró ni orúkọ tí kò bá ti NIN mu, tàbí owó tí ilé-iṣẹ́ yọ lórí owó oṣù tí kò sì fi ránṣẹ́. Nítorí náà, kí èèyàn má dúró de oṣù kẹrin. Lọ́sẹ̀ tí lẹ́tà bá dé ni kó ti gba sítétímẹ́ǹtì lọ́dọ̀ PFA rẹ̀, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíìpù, kó wò ó oṣù dé oṣù. Ìdá 8 ti òṣìṣẹ́ àti ìdá 10 ti agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù ló yẹ kó ti wọlé; èyí tó bá wọ́n, PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, lágbára láti gbà á pẹ̀lú owó ìtanràn.

Oṣù mẹ́rin yẹn gan-an ló le. Àwọn tó sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ lálẹ́ ọjọ́ kìíní ló rọrùn fún. Ẹni tó ń múra jáde láràárọ̀ kí ará ilé má baà mọ̀ ń náwó ọkọ̀, ó sì ń dá ẹrù rù. Owó ilé àti owó ilé-ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, wọ́n ra gàrí àti ẹ̀wà lápò ní Bódìjà. Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gba oògùn wọn kí HMO ilé-iṣẹ́, ìyẹn ètò ìlera adójútòfò, tó dópin. Lórí ẹ̀yáwó, owó tí wọ́n ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wa la kọ́kọ́ fi dín in kù, a pín ìyókù sí oṣù mélòó kan, kó má baà já lé onígbọ̀wọ́ lórí.

A sì tún dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó gbé owó ìtúsílẹ̀ rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń ṣèlérí ìlọ́po méjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 tí CBEX, ètò ìdókòwò orí ẹ̀rọ ayélujára tó ṣèlérí èrè ńlá, dojú dé, gbogbo Ìbàdàn ló gbọ́ bí inú ṣe bí àwọn èèyàn tó ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní lẹ́tà láàárín yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa lẹ́yìn ìsìn. Ẹ mú lẹ́tà náà, sílíìpù àti nọ́ńbà PEN yín, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì, dání. Ìwé kejì yẹn, ẹ má tíì buwọ́ lù ú.