Ọmọ Oǹdó Nídìí Tábìlì Àwọn Ará Padova

Kò sí ibi tí ọmọ Oǹdó dé nílẹ̀ Yorùbá tí wọn ò ti ní fi ẹran ajá dá a lápàárá. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tí ajá bá ti sọnù ládùúgbò, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ máa wò lójú. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí mo rí ilé ìwé wọ̀ ní Padova, ní àríwá Ítálì. Mo ní ó tán, ta ló mọ Oǹdó níbẹ̀?

Ọmọ kíláàsì mi kan ló ní kí n wá jẹun ọ̀sán ọjọ́ Sunday nílé àwọn. Mo ra wáìnì dání, mo sì ti há gbólóhùn ìdí oúnjẹ sórí láti inú áàpù kan lórí fóònù mi. Kẹ́nikẹ́ni tó fi nǹkan sẹ́nu, wọ́n á ní "Buon appetito", pé kí oúnjẹ dùn mọ́ ẹ lẹ́nu, ìdáhùn ẹ̀ sì ni "altrettanto", ìyẹn "ìwọ náà". Nílé wa, ẹni tó bá bá wa nídìí oúnjẹ là ń sọ fún pé kó wá jẹun, tóun náà á ní á gba ibi ire. Tiwọn, àwọn tó ti jọ jókòó tì í gan-an ni wọ́n ń kí ara wọn. Mo dáhùn "altrettanto" yẹn geerege, bàbá àgbà ọ̀rẹ́ mi ní "Bravo!" Ibi tí orí mi ti wú nìyẹn.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé bigoli wá, irú spaghetti tó nípọn kan, pẹ̀lú ọbẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Bàbá fi búrẹ́dì nu abọ́ ẹ̀ mọ́ tónítóní. "Fare la scarpetta" ni wọ́n ń pè é, kò sì yàtọ̀ sí bá a ṣe ń fi òkèlè ìkẹyìn gbá ọbẹ̀. Èmi náà gbá temi. Mo ti yó bámúbámú kí n tó mọ̀ pé "primo" lásán nìyẹn, "secondo" ṣì ń bọ̀.

Ẹran sísun ni secondo. Màmá ọ̀rẹ́ mi rí i pé mò ń fà á, ó ní, "Mangia, non fare complimenti!" Pé kí n jẹun, kí n má tijú ló ń wí. Èmi, "complimenti" nìkan ni mo gbọ́. Mo ní háà, obìnrin yìí ń retí kí n yin oúnjẹ òun! Ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ló máa jẹ oúnjẹ olóúnjẹ kó má dúpẹ́? Mo gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo ní ẹran yìí mà dùn o: "La carne è buonissima!"

Àmọ́ ẹni tó ti ń pe káàdì àti fọ́ọ̀mù láti kékeré, níbo ló ti fẹ́ rí "r" tó máa fi sáàárín "carne"? "Cane" ló jáde lẹ́nu mi. Ajá nìyẹn o.

Tábìlì dákẹ́ rọ́rọ́. Màmá ní, "Cane?" ó sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Mo rò pé nǹkan ẹ̀ ló já bọ́. Mo ní, "Sì, sì! Cane!" Mo ní a kì í fi ṣeré nílé wa lọ́jọ́ Sunday, pé bàbá mi fẹ́ràn ẹ̀ ju ẹja lọ. Mo wá fi "ancora" dé e lórí, pé kí wọ́n bù sí i fún mi. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi, ọmọ kékeré, yọ ajá wọn funfun lábẹ́ tábìlì, ó gbé e mọ́yà, ó sì wọ yàrá lọ. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ dún.

Ọ̀rẹ́ mi tó lọ gbé omi ní kíṣìnì ló tú u palẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi: "Carrrne!" Tèmi ń dún bí ọ̀kadà tí kò fẹ́ sítáàtì.

Ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n màmá fẹ́ fọkàn ara ẹ̀ balẹ̀. Ó ní ó dájú pé wọn kì í jẹ ajá lọ́dọ̀ wa, àbí?

Ẹ gbà mí. Gbogbo èèyàn tó wà ní Nàìjíríà, èmi ọmọ Oǹdó ni wọ́n bi! Mo wúkọ́, mo mumi, mo ní... àwọn kan ń jẹ ẹ́. Tí ọdún Ògún bá dé, àwọn kan ń jẹ ẹ́ gan-an.

Bàbá àgbà ló lu tábìlì gbàà. Àṣé Vicenza ni wọ́n ti bí i, ìlú tí kò jìnnà sí Padova. Wọ́n ní orin àpárá kan ní Veneto, ẹkùn tí Padova àti Vicenza wà: ará Venice, ìjòyè ńlá, ará Padova, ọ̀mọ̀wé ńlá, nítorí yunifásítì wọn tó ti wà láti 1222, ará Vicenza, "magnagati", ajẹ-ológbò. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi bú bàbá. Ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó bu grappa, ọtí líle wọn, fún mi, ó ní ìyà kan náà ló ń jẹ wá.

Ó búra fún mi pé irọ́ gbáà ni o, pé òun ò jẹ ológbò rí. Mo ní mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wo gbogbo inú ilé náà látìgbà tí mo ti wọlé, mi ò rí ológbò kankan.