Ebi kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ojú ayé ni

Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tí àyà yín ń já, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Tísà máàtì ni mí tẹ́lẹ̀ níléèwé aládàáni kan níbí ní Iléṣà, táìlì ni mò ń tẹ́ báyìí. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa kí n tó lọ kọ́ ọ, mo ti níyàwó, mo ti bímọ, kò sẹ́ni tó ń retí pé kí n tún lọ di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ ẹnì kankan.

Ohun tó lé mi ò ṣàjèjì sí yín. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bíi 190 náírà tó fò kọjá 500, owó ọkọ̀ láti Ìsọ̀kùn dé iléèwé fẹ́ẹ̀ jẹ owó oṣù mi tán. Ìjọba tún wá ní 2024 ó ní 70,000 náírà lowó oṣù tó kéré jù, mo ní kò burú, ẹ bá mi bi àwọn tísà aládàáni bóyá wọ́n rí ìdajì ẹ̀ gbà. Àtirò ó ò le rárá, àtigbéra gan-an niṣẹ́ wà.

Mo wá mú ìwé, mo kọ gbogbo nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù sílẹ̀ bó ṣe ń wá. Ebi. Owó iléèwé àwọn ọmọ. Ìyá mi. Ìyá ìyàwó mi. Àwọn ọmọ tí mo kọ́, tí wọ́n máa rí mi níbi tí mo ti ń ru yanrìn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá tí mo fẹ́ lọ bá, tó jẹ́ àbúrò ni sí mi. Ẹ wò ó, méjì péré ló kan owó níbẹ̀, ojú èèyàn ni gbogbo ìyókù.

Owó ṣeé ṣírò ní tiẹ̀. Èmi àtìyàwó mi jókòó, a kọ ohun tí ilé ń jẹ lóṣù, a yọ ohun tó ṣeé yọ (aṣọ ẹbí la kọ́kọ́ yọ o, hẹn ẹn, aṣọ ẹbí!), mo ń dá àjọ, mi ò sì fiṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, Sátidé àti ọlidé ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ kí n lè mọ̀ bóyá ẹ̀yìn mi máa gba ìlóṣòó ọjọ́ kan gbáko. Ìyàwó mi ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, mi ò ní purọ́ fún yín, ọjà yẹn ló bọ́ wa lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ò bá nírú ẹ̀ nílé, kó fowó pamọ́ jù tèmi lọ kó tó gbéra. Àwọn tó ń sọ pé kẹ́ẹ ṣáà fò, pé Ọlọ́run á gbà yín mú, ẹ bi wọ́n ta ló ń san owó ilé wọn.

Ìtìjú ni ò ṣeé ṣírò. Màámi ní, "Ṣé torí kóo lè máa ṣe uṣẹ́ bíríkìlà ni mo ṣe ta obì rán ẹ lọ sí yunifásítì?" Ó dùn mí dé eegun. Àmọ́ bàbá tiwọn, òṣómàálò ni, wọ́n á ru aṣọ lọ sílùú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, tọ́jọ́ owó bá wá pé wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, gbogbo àdúgbò á máa wò wọ́n, wọn ò ní dìde àfi tówó bá délẹ̀, owó yẹn náà ni wọ́n fi kọ́lé tí Màámi dàgbà sí. Mo ní Màámi, ta ló bi bàbá yín bóyá ojú ń tì wọ́n? Wọn ò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń gbé iyán pamọ́ dè mí ní Sátidé.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Ohun téèyàn bá ṣe ní Òkèṣà láàárọ̀, wọ́n á ti gbọ́ ọ káàkiri Iléṣà kílẹ̀ tó ṣú, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí náà mo sọ fún ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fáwọn tísà yòókù, mo sọ fáwọn ọmọ kíláàsì mi pàápàá, ẹni tó wá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ò rí nǹkan tuntun sọ mọ́. Ọ̀gá mi ńkọ́? Èmi ń pè é lọ́gàá, òun ń pè mí ní tísà, àwa méjèèjì ń fi "ẹ" bára wa sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó kú.

Ẹ̀rù míì ṣì wà o. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá mi dá yàrá kan, 60 by 60 sẹ̀ntímítà ni táìlì yẹn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àmọ́ ẹ̀rù yẹn ló jẹ́ kí n wọn yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì, kí n ta okùn, kí n tò wọ́n sílẹ̀ gbẹ kí n tó po sìmẹ́ǹtì. Ìyẹn ò burú, ẹ jẹ́ kó wà. Máàtì mi náà ò ṣòfò, páálí 60 by 60 mẹ́rin-mẹ́rin ni, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 1.44 mítà onígun mẹ́rin ni páálí kan ń bò, yàrá tó bá jẹ́ 3.6 mítà ní òró àti ìbú, páálí 9 ló máa gbà, kẹ́ẹ fi ẹyọ kan lé e torí gígé àti fífọ́. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn kéèyàn ṣírò ẹ̀ lójú wọn.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ yìí náà lẹ fẹ́ kọ́, ẹ mọ̀ pé àkókò Iwude, ọdún ìbílẹ̀ àwa Ìjẹ̀ṣà, àti Kérésì niṣẹ́ máa ń ya wọlé, àwọn ará Èkó ń bọ̀ wálé, oníkálùkù fẹ́ parí ilé ẹ̀, tó bá di January ẹ máa rí i bí ibi gbogbo ṣe máa dákẹ́, ẹ má lọ fi January kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kẹ́ẹ tó san owó ìkọ́ṣẹ́, ẹ lọ wo ilé tí ọ̀gá yẹn ti tẹ́, ẹ fi nǹkan lu táìlì ibẹ̀ láti igun dé igun, tó bá ń dún bí àgbá òfìfo, sìmẹ́ǹtì ò kún abẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ẹ wá ọ̀gá míì. Tó bá dún dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọdún tẹ́ẹ máa lò, owó fríídọ̀mù àti ẹni tó máa bọ́ yín lọ́sàn-án sínú ìwé àdéhùn kẹ́ẹ tó gbé ṣọ́bìrì.