Aràn tó ń fi ìwọ̀ há ìfun ẹlẹ́dẹ̀: inú ilẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀

Bí ẹlẹ́dẹ̀ bá ń jẹun tí kò sanra, ohun tí ọ̀pọ̀ olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra oògùn aràn tí owó rẹ̀ rọjú, wọ́n á pò ó mọ́ oúnjẹ, wọ́n á sì máa retí. Tó bá jẹ́ Ascaris, aràn gbọọrọ tí gbogbo wa mọ̀, oògùn náà lè lé e. Ṣùgbọ́n aràn mìíràn wà tí piperazine, irú oògùn olówó pọ́ọ́kú yẹn, kì í ràn rárá. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Macracanthorhynchus hirudinaceus, láti 1781 ni wọ́n sì ti kọ nípa rẹ̀. Kò ní ẹnu, kò ní ìfun. Awọ ara rẹ̀ ló fi ń fa oúnjẹ. Ohun tó ní ni orí kékeré kan tó lè nà síta, tó sì lè fà wọnú, tí ìwọ̀ tó kọjú sẹ́yìn tò sí lára ní ìlà mẹ́fà. Orí yìí ni yóò fi gún ògiri ìfun kékeré, yóò wá lóṣòó síbẹ̀ bí òṣómàáàlò tó wá gba owó aṣọ.

Ibi ìpẹran ni ó ti rọrùn jù láti dá a mọ̀. Ẹni tó ń fọ ìfun yóò rí kókó kéékèèké láti ìta, wọ́n á pọ́n rúsúrúsú, etí wọn á pupa. Tó bá la ibẹ̀, aràn kan wà nínú rẹ̀ tí orí rẹ̀ rì sínú kókó náà. Ascaris kì í so mọ́ ìfun, ó máa ń bá omi jáde ni. Ara rẹ̀ dán, ó rí róbótó, orí àti ìrù rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Èyí ní tirẹ̀ tẹ́ díẹ̀, ara rẹ̀ hunjọ, iwájú rẹ̀ nípọn ju ẹ̀yìn lọ, bí o bá sì fà á, kò ní jọ̀wọ́ bọ̀rọ̀. Akọ kì í sábà ju sẹ̀ntímítà 10 lọ. Abo máa ń gùn tó 35, òmíràn sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó kàn ń fún ìfun lọ́wọ́ kó lè tètè mọ́ lè má rí i rárá, torí pé inú ìfun ni yóò já kù sí. Ẹ la ìfun kékeré náà tán látòkè délẹ̀.

Bí o bá fẹ́ gbé e lọ fún dókítà ẹranko, má ṣe jù ú sínú spírítì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ yóò fà wọnú ara, kò sì ní sí ìwọ̀ tí a ó fi dá a mọ̀. Gé ìfun yí i ká, tú u jẹ́jẹ́, fi sínú omi lásán nínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Omi yóò wọ̀ ọ́ lára, orí yóò sì yọ síta. Ìgbà náà ni kí o tó gbé e sínú spírítì ìdá 70 nínú 100.

Ẹlẹ́dẹ̀ kì í kó aràn yìí lára ẹlẹ́dẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn. Ẹyin tó bá ìgbẹ́ jáde kò lè ṣe ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn ní nǹkan kan, bó tilẹ̀ gbé e mì. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ìdin yímíyímí kọjá, tàbí ìdin àwọn kòkòrò mìíràn tó bá a tan, tí ń gbé inú ìgbẹ́, inú ilẹ̀ rírọ̀ àti inú igi tó ti jẹrà. Ìdin náà á jẹ ẹyin mọ́ ìgbẹ́. Ẹyin á pa nínú rẹ̀, yóò sì lo bí oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dàgbà débi tó lè ran ẹlẹ́dẹ̀. Bí ìdin bá di kòkòrò tó ń fò, aràn náà ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá jẹ ọ̀kan nínú méjèèjì ti kó o nìyẹn, yóò sì tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí ẹyin tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìgbẹ́ tirẹ̀. Abo kan ṣoṣo lè yé tó 260,000 ẹyin lójúmọ́. Ẹyin yìí le; ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan.

Ẹ wá wo bí ilé ẹlẹ́dẹ̀ wa ṣe rí, láti Ìpetumodù títí dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Oko kòkó àti ọ̀pẹ ló yí i ká. Ẹ̀yìnkùlé ni òkìtì ìgbẹ́ wà, igi ọ̀pẹ tí wọ́n gé lọ́dún kẹta ń jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì tú ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ kó lọ fi imú tú ilẹ̀. Kò tún sí ohun tí aràn náà ń wá. Fi ọkọ́ yẹ òkìtì náà wò. Ìdin tó yẹ kí a bẹ̀rù funfun, ó ká kò, orí rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́fà nítòsí orí. Ìtun tí wọ́n ń dín jẹ kò ní ẹsẹ̀. Ìdílé kòkòrò mìíràn ni tiẹ̀.

Kọnkéré ni àtúnṣe tó lágbára jù. Òrùka imú lè dín ìwalẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe àrọ́pò ilẹ̀ tó le, ẹlẹ́dẹ̀ kò sì gbádùn rẹ̀. Kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́ lọ sí ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ kò lè dé, fi tapólì bò ó dáadáa kí yímíyímí má wọlé, kí o sì kó igi ọ̀pẹ jíjẹrà kúrò. Ohun kan tún wà tí àwọn tó ti da kọnkéré kì í rò: gílóòbù. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kòkòrò máa ń wọ́ wá sídìí iná lóru, wọ́n á já bọ́ sílẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ á sì he wọ́n jẹ. Gbé iná náà jìnnà sí ilé ẹlẹ́dẹ̀, kó tan ìmọ́lẹ̀ wá láti òkèèrè.

Ivermectin ni oògùn tí mo fọkàn tán fún un, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ lẹ́yìn etí. Ìwọ̀n ti ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 0.3 fún kílò kan. Nínú ìgò tó jẹ́ ìdá 1 nínú 100, ìyẹn túmọ̀ sí mílílítà 1 fún kílò 33. Ọ̀pọ̀ ń lo ìwọ̀n ti màlúù tó wà lára ìgò kan náà, mílílítà 1 fún kílò 50, wọ́n á wá ní oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Ẹ má sì fojú díwọ̀n ẹlẹ́dẹ̀. Fi téèpù wọn àyíká àyà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí o wọn gígùn láti àárín etí dé ìdí ìrù, kí méjèèjì jẹ́ mítà. Fi àyíká àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, lẹ́yìn náà fi 69.3 sọ ọ́ di púpọ̀; iye kílò rẹ̀ nìyẹn. Bí méjèèjì bá jẹ́ 0.95, ẹlẹ́dẹ̀ náà tó kílò 59, mílílítà 1.8 sì ni tirẹ̀. Ka ara ìgò fún iye ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ pa ẹran lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ 28, ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ fẹ́ pa ní December 24 kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ kọjá November 26.

Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn abẹ́rẹ́, gbé ìgbẹ́ lọ fún àyẹ̀wò. Sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹyin silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, kí wọ́n má kàn fi omi iyọ̀ léfòó, nítorí ẹyin yìí wúwo, kì í sábà léfòó bíi ti Ascaris. Bí ẹyin bá ṣì wà, ilẹ̀ ni kí ẹ padà lọ wò kí ẹ tó tún ra ìgò mìíràn.

Ẹlẹ́dẹ̀ tó kàn ṣàdédé kọ oúnjẹ, tó fẹ́yìn tẹ̀ kóló, tí kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ó ṣeé ṣe kí aràn ti dá ìfun lu. Oògùn aràn kò lè dí ihò náà. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà.

Jíjẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ni ènìyàn fi ń kó aràn yìí. Ẹni tó bá jẹ kòkòrò tàbí ìdin tí kò jinná ló wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n ìfun tó kún fún kókó kì í ṣe ohun tí a ń jù sínú igbó, nítorí abo inú rẹ̀ kún fún ẹyin. Ẹ sun ún níná títí yóò fi di eérú.