Ibi tí olùkọ́ ti lè rí àyè nínú ètò iṣẹ́ tó há

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kíláàsì, ètò tí wọ́n kó lé yín lọ́wọ́ mọ ohun tí ẹ ó kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Bóyá ti ọ̀sẹ̀ kejì yé wọn, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀.

Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kà á tán pátá, kí ẹ fi àmì sí ẹ̀kọ́ tí àwọn mìíràn dúró lé. Nínú ìṣirò, ìdá jẹ́ ọ̀kan: ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n yóò kọsẹ̀ nínú ìdá-ọgọ́rùn-ún àti áljẹ́brà. Lára ẹ̀kọ́ tó kàn ń tún ti ọdún tó kọjá sọ ni kí ẹ ti yọ ọjọ́ kan tàbí méjì kún un. Ara àtúnyẹ̀wò ni ọ̀pọ̀ ti ń yọ ọ́, kò sì dáa.

Ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn ẹ̀kọ́, ẹ fún àwọn ọmọ ní ìbéèrè méjì péré lórí pépà kékeré. Ẹ wá èyí tí àṣìṣe rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ẹ mú 1/2 + 1/3. Ẹni tó kọ 2/5 ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ má tíì ka òfin fún un. Ẹ bi í bóyá 2/5 ju ìdajì lọ. Báwo la ṣe ro nǹkan mọ́ ìdajì tó wá dín kù? Ẹni tó kọ 2/6 ní tirẹ̀ ti rí 6, òkè ni kò yí padà. Ìwòsàn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bí àṣìṣe kan bá mú bí ìdá kan nínú mẹ́ta kíláàsì, ẹ tún un kọ́ lọ́nà mìíràn lọ́jọ́ kejì. Bó bá jẹ́ ọmọ mẹ́rin, ẹ kó wọn jọ sápá kan nígbà tí àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́. Dídá gbogbo kíláàsì dúró nítorí wọn ló ń jẹ ọjọ́ mọ́ olùkọ́ lọ́wọ́.

Èmi ò ka ìdánwò gbogboogbò sí ọ̀tá (inú àwọn kan ò ní dùn sí èyí). Ṣùgbọ́n ìbéèrè mélòó kan ni wọ́n fi ń wo iṣẹ́ odindi ọdún. Bó bá jẹ́ ìbéèrè àtijọ́ nìkan lẹ ń fà lé wọn lọ́wọ́, máàkì á gòkè, ìmọ̀ á dúró síbi tó wà. Ní Amẹ́ríkà, òfin No Child Left Behind ti 2002 ní kí wọ́n máa dán ìwé kíkà àti ìṣirò wò lọ́dọọdún láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ, iye ọmọ tó yege ni wọ́n sì fi ń wọn ilé-ìwé. Àwọn ilé-ìwé kan wá gbájú mọ́ ọmọ tó kù díẹ̀ kó yege, wọ́n pa ẹni tó jìnnà sẹ́yìn tì. Òfin tó rọ́pò rẹ̀ ní 2015 dá agbára púpọ̀ padà fún àwọn ìpínlẹ̀. Ìdánwò ọdọọdún ṣì wà níbẹ̀.

Bí ọ̀gá bá béèrè ìdí tí ẹ fi fi ọjọ́ méjì gbẹ̀yìn, ẹ má wulẹ̀ jiyàn òmìnira olùkọ́. Ẹ kó pépà kéékèèké náà síwájú wọn, ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀yìn àtúnkọ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ó bá ètò sílẹ̀.