Ẹ béèrè ìtàn laptop kí ẹ tó fọ́máàtì rẹ̀

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi: "Ẹnjiníà, ṣé ẹ máa fọ́máàtì ẹ̀ ni, àbí ẹ kàn máa gbé Windows 11 lé e lórí?" Fọ́máàtì ni kéèyàn nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ kúrò kó tó gbé Windows tuntun sí i. Ohun tí iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ti kọ́ mi ni pé ìtàn laptop náà ló yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè.

Màmá kan tó ń ta oògùn gbé tirẹ̀ wá. Inú rẹ̀ ni ètò tí wọ́n fi ń ka ọjà wà, ẹni tó kọ ètò náà fún wọn sì ti kúrò nílùú. Ká ní mo fọ́máàtì rẹ̀, a ò tún rí ètò yẹn mọ́. Mo gbé tuntun lé e lórí, gbogbo nǹkan sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Windows máa ń kó ti àtijọ́ sínú fódà Windows.old, ó sì fún èèyàn ní ọjọ́ 10 láti padà sí i bí tuntun ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Laptop tí ẹ ti ń lò bọ̀, tára rẹ̀ le, ẹ má fọ́máàtì rẹ̀ lásán.

Tòkúnbọ̀ yàtọ̀. Èyí tí iléeṣẹ́ kan ti lò ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà kó tó dé Èkó, ta ló mọ ohun tó kù nínú rẹ̀? Ẹ má gbé nǹkan kan lé e lórí o! Ńṣe ló dà bíi kéèyàn kó wọ ilé tí ayálégbé àná ṣì ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ pa gbogbo pátíṣọ̀n, ìyẹn àwọn ìpín tí wọ́n pín àyè inú rẹ̀ sí, rẹ́. Ohun kan náà ni mò ń ṣe fún èyí tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta kọ́ọ̀dù àṣẹ Windows fún yín. Bí Windows tó wà nínú rẹ̀ bá ti ní àṣẹ tòótọ́, Microsoft ti mọ ẹ̀rọ náà. Tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, àṣẹ á padà, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ irú Windows kan náà ni ẹ fi rọ́pò ara wọn: Home fún Home, tàbí Pro fún Pro.

Kí ẹ tó ra dátà tí ẹ máa fi gba Windows 11, ẹ yẹ laptop náà wò bóyá ó ní TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ), RAM 4 GB àti àyè 64 GB, ó kéré tán. Fláàṣì 8 GB kan tí ẹ kó Windows 11 sí ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: tí ẹ bá ṣí setup rẹ̀ látinú Windows, á gbé tuntun lé e lórí, tí ẹ bá fi tan ẹ̀rọ, ẹ lè fọ́máàtì. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, torí iná lè lọ láàárín iṣẹ́. Bó bá jẹ́ fọ́máàtì ni, ẹ kó driver Wi-Fi (ètò tó ń mú Wi-Fi ṣiṣẹ́) sórí fláàṣì náà ṣáájú, nítorí Windows 11 máa ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó jẹ́ kí ẹ wọlé.