Kóòdù 200 Kì í Ṣe Ẹ̀rí Pé Ẹnikẹ́ni Ra Ọjà

Èsì ìdánwò tí kò bá ní àṣìṣe kankan nínú ni mo máa ń fura sí jù, ohun tí a sì bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ lónìí tún jẹ́ kí n rí ìdí tí ìfura náà fi tọ́. A ń dán ìkànnì ìtajà kan wò láti mọ iye èrò tí ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, Apache JMeter, irinṣẹ́ tí ń ṣe bí ẹni pé ọ̀pọ̀ aṣàmúlò wà lórí ìkànnì lẹ́ẹ̀kan náà, ni a sì ń lò. Ìkànnì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò ni, àwọn tí ó ni ín ni wọ́n sì fún wa láṣẹ, nítorí ẹni tí ó bá da irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bo ìkànnì ẹlòmíràn láìgbàṣẹ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń gbógun tì í. Àbúrò wa tí ó kọ script náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ìgbésẹ̀ tí JMeter ń tẹ̀ lé, pè mí kí n wá wo ohun tí ó rí: gbogbo ìdáhùn ni ó jẹ́ 200, kóòdù tí ń sọ pé ìbéèrè yọrí sí rere, kò sì sí èyí tí ó pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ìkànnì yìí mà lágbára o.” Mo ní kí ó bá mi wo inú dátábéèsì, kí ó ka iye ọjà tí wọ́n rà ní àkókò ìdánwò náà. Kò rí ẹyọ kan.

Nígbà tí ó gba ìrìn ẹni tí ń ra ọjà sílẹ̀ láti fi ṣe script, ìkànnì náà fún un ní token kan, ìyẹn àmì ìdánimọ̀, tí ó wà fún ìwọlé ìgbà yẹn nìkan, script sì di token yẹn mú bí ẹni pé kì í yí padà. Nígbà tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, sáfà, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀, rí i pé àkókò token náà ti kọjá, ó fi kóòdù 302 darí ìbéèrè sí ojú-ewé ìwọlé, JMeter tẹ̀ lé ìdarí náà gẹ́gẹ́ bí a ti ṣètò rẹ̀, ojú-ewé ìwọlé sì ṣí wẹ́rẹ́ pẹ̀lú 200. Kóòdù náà kò purọ́, nítorí ojú-ewé kan ṣí lóòótọ́. Bí ojú-ewé ìwọlé ṣe ń yára ṣí ni a ti ń wọ̀n láti òwúrọ̀, tí a sì fẹ́ fi ìyẹn ṣe ìdájọ́ bí ìkànnì ṣe ń ta ọjà.

A ṣètò Regular Expression Extractor kí script lè máa yọ token tuntun láti inú èsì tí ó ṣáájú, kí ó sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e. HTTP Cookie Manager sì ń tọ́jú cookie (àmì tí ìkànnì fi ń rántí ẹni) ti aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Correlation ni àwọn tí ń lo LoadRunner, irinṣẹ́ ìdánwò mìíràn, ń pe iṣẹ́ yìí, kò sì sí irinṣẹ́ tí ó lè gbà á lọ́wọ́ ènìyàn tán, nítorí pé ìkànnì kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí. Ohun tí mo kà sí pàtàkì ju èyí lọ ni assertion, ìyẹn àyẹ̀wò èsì, tí a fi sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí script lè ka èsì èyíkéyìí tí kò bá ní gbólóhùn tí ẹni tí ó ti ṣe ìgbésẹ̀ náà tán nìkan ń rí sí àṣìṣe. Lójú tèmi, ó yẹ kí a ti kọ ọ́ kí a tó ronú kan iye èrò rárá.

Lẹ́yìn èyí, script ṣiṣẹ́ dáadáa fún aṣàmúlò kan, ṣùgbọ́n bí a ti sọ wọ́n di púpọ̀ ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sáré dá sáfà lẹ́bi. Mo ní kí a kọ́kọ́ ka ohun tí àwọn àṣìṣe náà ń sọ, kí a tó ka iye wọn, a sì rí i pé oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan jẹ́ 401, kóòdù tí ń sọ pé sáfà kò gba ẹni náà wọlé: àkáǹtì kan ṣoṣo ni gbogbo aṣàmúlò fi ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ìkànnì náà máa ń lé ẹni tí ó ti wà nínú ilé jáde bí ẹlòmíràn bá fi àkáǹtì kan náà wọlé. Fáìlì CSV, àkójọ tí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà tirẹ̀, tí àkáǹtì inú rẹ̀ tó iye aṣàmúlò ni ó yanjú ìyẹn. Bí ìlà inú fáìlì náà bá kéré jù, JMeter yóò padà sí ìlà àkọ́kọ́ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, wàhálà náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi kejì ni àkọlé “Non HTTP response code” wà lórí rẹ̀, tí gbólóhùn “Cannot assign requested address” sì tẹ̀ lé e. Èyí kò kan sáfà rárá. Ìbéèrè náà kò tilẹ̀ tíì kúrò lórí kọ̀ǹpútà tiwa. Port ni nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà; port 32768 títí dé 60999 ni Linux ń fi sílẹ̀ fún ìsopọ̀ tí ń jáde lọ bí a kò bá yí i padà, èyí tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ sábà máa ń dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ó tó tún wúlò sí ibi kan náà. Script tí ń ṣí ìsopọ̀ tuntun fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yóò lo port wọ̀nyí tán kíákíá. A jẹ́ kí aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan máa lo ìsopọ̀ rẹ̀ títí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi parí, a yọ View Results Tree tí ń kó gbogbo èsì sínú ìrántí kọ̀ǹpútà kúrò, a sì fi àṣẹ -n mú JMeter ṣiṣẹ́ láìṣí ojú wíńdò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdúró láàárín ìgbésẹ̀ ni a jókòó tì pẹ́ jù. Script náà kò ní ìdúró kankan, bẹ́ẹ̀ ènìyàn gidi máa ń kà, máa ń rò, máa ń tẹ àdírẹ́sì rẹ̀. Ní ọdún 1961 ni John Little fi ẹ̀rí ìṣirò gbe òfin kan lẹ́sẹ̀, pé bí a bá fi iye àwọn tí ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe ìlọ́po àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò nínú ilé, iye àwọn tí ó wà nínú ilé ni yóò jáde. Bí aṣàmúlò bá jẹ́ 200, tí ìdáhùn ń gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, tí ẹni náà sì ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 9.5 kí ó tó ṣe nǹkan mìíràn, ìbéèrè 20 ni yóò máa dé ọ̀dọ̀ sáfà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá yọ ìdúró yẹn kúrò, tí sáfà sì ń dáhùn bákan náà, ó di 400. Ẹni tí ó bá wá kọ ọ́ pé ìkànnì náà kò lè gba èrò 200 ti parọ́ mọ́ ọn, nítorí ìlọ́po ogún ẹrù wọn ni ó dì lé e lórí. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí pé irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń pinnu ìgbà tí wọn yóò ra sáfà sí i.

Mo tún ní kí a má gbé ọkàn lé ìpíndọ́gba. Bí ìbéèrè 98 nínú 100 bá gba ìṣẹ́jú àáyá 0.2, tí méjì yòókù gba 20, ìpíndọ́gba wọn kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ènìyàn méjì ti bínú lọ. Ẹni tí ó bá wo ìlà 95 nìkan, ìyẹn àkókò tí ìbéèrè 95 nínú 100 kò kọjá, kò ní rí wọn. Ìlà 99 ni ó máa fi wọ́n hàn.

Nígbà tí script ti di ohun tí a lè gbà gbọ́, àléébù ìkànnì náà gan-an wá jáde. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó wà nínú ríra ọjà kan, nítorí náà aṣàmúlò 200, pẹ̀lú ìdúró tí a ti fi kún script àti ìbéèrè 20 wọn, ń ra ọjà bíi márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkànnì náà sì gbà á. Bí a ti gbé wọn dé 400, ìsanwó dúró gbagidi, ó sì di pé àwọn kan ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 gbáko kí wọ́n tó gba 500, kóòdù àṣìṣe sáfà, síbẹ̀ iṣẹ́ tí CPU (ọpọlọ) sáfà náà ń ṣe lọ sílẹ̀. HikariCP ni ó ń ṣàkóso ìsopọ̀ mọ́ dátábéèsì níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yí ètò rẹ̀ padà: ìsopọ̀ 10 ni ó ń fúnni, ẹni tí kò bá sì rí gbà yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìgbésẹ̀ ìsanwó ń di ìsopọ̀ kan mú ní gbogbo àkókò tí ó fi ń retí ìdáhùn ilé iṣẹ́ ìsanwó, èyí tí a fi ètò àfirọ́pò tí ń dáhùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì ṣojú fún. Òfin Little kan náà ni: ìsopọ̀ 10, ìṣẹ́jú àáyá méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò lè ju ọjà márùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àbúrò wa dábàá pé kí wọ́n sọ 10 di 50. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé bí ilé iṣẹ́ ìsanwó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, 50 náà yóò kún; ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n tú ìsopọ̀ náà sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìdáhùn. Àwọn tí ó kọ ìkànnì náà ti gbà láti tún un ṣe. Bí wọ́n bá ti parí rẹ̀, script kan náà, fáìlì àkáǹtì kan náà àti aṣàmúlò 400 ni a óò fi dán an wò, a kò sì ní fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.